Balùwẹ̀ Abẹ́ Òrùlé Tó Dagẹ̀rẹ́: Ara Ènìyàn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n

Nínú balùwẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ́, ibi tí ènìyàn yóò ti máa nàró, ẹ fi sí apá tí àjà ti ga. Ibi tí yóò ti máa jókòó, ẹ fi sí apá tó rẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tí a ń fi balùwẹ̀ kún ilé wa ní Ìsánlú, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń gbèrò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó pe bíríkìlà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ni wọ́n ń lẹ yàrá mọ́ lẹ́yìnkùlé báyìí, torí àwọn òbí wa ti dàgbà, a kò fẹ́ kí wọ́n máa jáde lóru lọ sí ṣáláńgá mọ́. Páànù ilé ńlá ni wọ́n máa ń fà wálẹ̀ bo yàrá tuntun náà, àjà á wá ga lápá kan, á sì rẹlẹ̀ lápá kejì.

Ní tiwa, ògiri tó fara ti ilé ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, tìta kò ju 5 àbọ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 7 ló sì wà láàárín wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ló ga jù nínú ilé. A gé ọ̀pá oparun tó fi íńṣì 6 gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo na ọ̀pá náà ró lẹ́bàá ògiri gíga, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ lọ sápá ìsàlẹ̀. Ibi tí orí rẹ̀ ti kan àjà, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun kejì, mo sì fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ìlà náà jìnnà sí ògiri ìta ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Láti ìgbà náà, ìlà yẹn ló ń parí àríyànjiyàn.

Pulọ́ńbà fẹ́ gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti ògiri gíga. Mi ò gbà. Àwo náà àti táńkì ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń yọ síta tó íńṣì 28 láti ara ògiri, táńkì ọ̀hún kì í sì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Bó bá fẹ̀yìn ti ògiri kúkúrú, ẹni tó jókòó kò ní ìṣòro, torí bó bá ń dìde, iwájú lorí rẹ̀ ń lọ, níbi tí àjà ti ga. Ọkùnrin tó dúró tọ̀ níwájú rẹ̀ náà ti kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì bọ́ sápá tó ga. Páìpù íńṣì 4 á sì gba ògiri ìta jáde tààrà. Ẹ ṣáà fi íńṣì 21 sílẹ̀, ó kéré tán, níwájú àwo náà, kí ààrin rẹ̀ sì fi íńṣì 15 jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́.

Ibi ìwẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbumi la fi ń wẹ̀ nílé wa. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bu omi á nàró, á gbé ike náà sókè orí kó tó dà á sára. Nítorí náà, gíga ènìyàn nìkan kò tó fún ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tó nà sókè kún un. A gbé ibi ìwẹ̀ sí igun ògiri gíga. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi, bó bá ń wẹ ọmọ ọwọ́, orí àpótí ló ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ á wà lórí itan rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ tó o dáadáa, bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí ògiri kúkúrú. Ẹni tó gbé ọmọ tó kún fún ọṣẹ lọ́wọ́, ọwọ́ wo ló kù tí yóò fi bo orí ara rẹ̀ bó bá ń dìde? Ẹ jẹ́ kó máa dìde síbi tó ga.

Nítorí Màmá, a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, a sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta. Bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí wa lọ́nà.

Ooru omi gbígbóná máa ń gùn tẹ̀ lé àjà lọ sápá tó ga, ibẹ̀ ló sì ti ń mú kí ìṣó dógùn-ún. Ògiri gíga wa kò ṣeé lu fèrèsé sí, inú ilé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, la bá lu ú sí ògiri ẹ̀gbẹ́, sókè pátápátá. Ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè láàárín àjà àti páànù, torí oòrùn oṣù kẹta kì í ṣeré.

Ó ku ilẹ̀. Àpáta pọ̀ nílẹ̀ wa, sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn sí, sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 100. Páìpù tó ń lọ síbẹ̀ ní láti máa fi íńṣì kan rẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 kọ̀ọ̀kan. Ẹ gún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wò kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù kankan. Bí ẹ bá kan àpáta, apá ibòmíràn ni kí ẹ lẹ yàrá náà mọ́.