Owó iṣẹ́, kì í ṣe owó àánú

Ẹ rántí ìsémọ́lé Kòrónà 2020? Ní Ìtòkú níbí, l'Abẹ́òkúta, ọjà àdìrẹ dá wáí. Àwọn aláró tí ọwọ́ wọn kì í mọ́ wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Làwọn onílé àdúgbò wa bá dá owó jọ. Wọn ò pín in o, iṣẹ́ ni wọ́n fi gbé e síta: kí àwọn kan kó gọ́tà, kí àwọn kan fi àjákù àdìrẹ rán ìbòmú. Ìyá kan tó ń ta kàǹpálà ló ṣáájú àwọn aránṣọ. Bó ṣe ń so rọ́bà mọ́ etí ìbòmú, ó ní, “Ọmọ mi, kí n ṣiṣẹ́ gbowó tẹ́ mi lọ́rùn. Tí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, báwo ni mo ṣe máa bá wọn jà tó bá yá?” Ẹ̀rín pa wá.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ètò iṣẹ́ tiwọn dé ní oṣù kìíní 2021: èèyàn 1,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 774,000 lápapọ̀, ₦20,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta péré. Ó kéré lójú tèmi, kí n má purọ́. Àmọ́ ẹni tó ti ń ra gàrí láwìn mọ iyì rẹ̀.

Ìyá ò dúró dè é. Ó ti padà sídìí aró rẹ̀, ó sì ń bi mí léèrè owó ìbòmú tí mo gbà láwìn.