Ọmọ mi fẹ́ pé 16, ìjọba ní ó ti dàgbà

Ẹ bá mi dá sí i o. Mo ní kí máníjà mi fún mi láyè ọjọ́ kan kí n lọ sí mítíǹgì ọmọ mi ní skúùlù, obìnrin yìí wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Ìwọ náà tún ni?" Níwájú gbogbo èèyàn! Èmi tí mò ń fọ ìdí fún ìyá oníyàá àti bàbá oníbàbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mi ò fèsì. Mo lọ ka òfin UK níbí. Òbí tọ́mọ ẹ̀ bá ń gba DLA, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọmọ tó ní àìlera, lẹ́tọ̀ọ́ láti máa mú parental leave (àyè ìsinmi láti fi tọ́jú ọmọ) lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kò dìgbà tó bá kó odidi ọ̀sẹ̀. Owó ò sí nínú ẹ̀ o, nótíìsì ọjọ́ 21 sì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sórí tábìlì ẹ̀.

Annual review EHCP ni mítíǹgì ọ̀hún, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún lórí pláànù ìrànlọ́wọ́ tí kánsù ṣe fún ọmọ mi ní skúùlù. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwé la fi ń tọ́ ọmọ níbí. Ọ̀sẹ̀ 20 lòfin ní kí wọ́n fi parí pláànù náà, ṣùgbọ́n kánsù tiwa ń ka ọ̀sẹ̀ bíi pé NEPA ló ń bá wọn kà á. Ó wúlò ṣá, mi ò ní purọ́. Ẹnì kan ń jókòó tì í ní kíláàsì, wọ́n sì ń fi àsìkò kún ti ìdánwò ẹ̀. Nílé ńkọ́? Olódo ni wọn ò bá máa pè é, tíṣà á fi pàṣán ṣàlàyé ìṣirò fún un, àǹtí kan á ní ká gbé e lọ sórí òkè. Ohun tójú àbúrò mi rí ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù àbúrò mi. Tó bá rìn jìnnà, ìyá alákàrà á fà á lọ́wọ́ wálé, á tún bú wa pé kí là ń wò. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọmọ mi ti ga jù mí lọ, dúdú ni, ó máa ń dá sọ̀rọ̀, tí ariwo bá pọ̀ á fọwọ́ méjèèjì di etí á máa mì síwá sẹ́yìn. Nígbà tó wà ní kékeré àwọn obìnrin inú bọ́ọ̀sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ní báyìí wọ́n ń fa báàgì mọ́ra. Bọ́ọ̀sì 53 nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti máa wọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí bọ́ọ̀sì náà gba ọ̀nà ibòmíì, ibi tí dẹ́rẹ́bà já a sí ló dúró sí, ó ń ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń kọjá sókè, ọlọ́pàá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí n tó débẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí lorúkọ ẹ̀, ó ní "53." Èmi ni mo ń bẹ wọn, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n fún. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọmọ yìí náà ni wọ́n wá ní tó bá ti pé 16, DLA parí, PIP, owó ìrànwọ́ ti àgbàlagbà, ló kàn, òun fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa kọ̀wé sí, àfi tí wọ́n bá gbà kí n jẹ́ appointee ẹ̀, ẹni tó ń bójú tó owó náà lórúkọ ẹ̀. Wọ́n ń bi mí bóyá ó lè dá bójú tó owó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un ní pọ́n-ùn márùn-ún kó fi ra búrẹ́dì, á fi ṣéńjì sílẹ̀ fún wọn torí kó tètè jáde kúrò nínú ariwo! Mo sọ fún màmá mi lórí WhatsApp pé ìjọba ní ọmọ ti dàgbà, wọ́n ní ṣé ìjọba náà ló máa wá bá a so okùn bàtà.

Wọ́n ní ẹnì kan máa wá sílé wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè ni àbí ìyá ẹ̀? Torí tó bá jẹ́ òun ni, kí onítọ̀hún yáa gbé oúnjẹ ọ̀sán dání, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.