Táyà ẹrọ̀fọ̀ tí mo fi gé koríko ní Kuje

Owó ni mo rò pé mo ń ṣọ́. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì lẹ́sẹ̀ katakata kékeré mi ti jẹ tán, ojú wọn dán bí orí apárí, oṣù kẹfà sì ti ń lọ sópin. Ẹni tó bá ń gbé Kuje, ní Àbújá níbí, mọ bí koríko ibẹ̀ ṣe ń ṣe lásìkò náà: ẹ gé e lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti tún ń fa yín ní ṣòkòtò. Pápá ilé-ìwé kan wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Lugbe, ọgbà ilé kan tún wà ní Gwarinpa, katakata kan ṣoṣo ni mo sì ń gbé káàkiri gbogbo wọn. N kò ráyè dúró de táyà tuntun tí wọ́n ní wọn ó bá mi gbé wá láti Èkó.

Ni mo bá ra tokunbọ̀. Ẹni tó tà á kò purọ́ fún mi o. Ó ní táyà alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ṣeré nínú ẹrọ̀fọ̀. Eyín rẹ̀ jìn débi pé ìka mi wọlé dé oríkèé àkọ́kọ́. Mo ní èyí gan-an ni ìgbà òjò ń fẹ́. Èmi fúnra mi ni mo tan ara mi.

Nọ́ńbà ara táyà ni mo kà kù. Lára èyí tó gbó, 26x12.00-12 ni wọ́n kọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gíga táyà láti ilẹ̀ dókè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, ínṣì 26. Ìkejì ni fífẹ̀ rẹ̀. Ìkẹta ni rímù tó wọ̀ ọ́. Òdiwọ̀n yìí kan náà ni ẹ ó rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Kubota BX àti John Deere 1025R, pẹ̀lú 18x8.50-10 níwájú. Tokunbọ̀ tèmi jẹ́ 28x12-12. Mo rí 12 níparí, mo rí i pé rímù bára mu, mo sanwó. Ínṣì 2 péré, kí ló fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gé pápá ilé-ìwé náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá tó ni ilé-ìwé pè mí. "Ẹ n lẹ́ o, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ gé pápá yìí, àbí màálù ló jẹ ẹ́ kọjá?" Ojú tì mí débi pé n kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo débẹ̀, ibì kan pá títí kan yẹ̀pẹ̀ pupa, ibì kan ní ìlà koríko gígùn tí ọ̀bẹ kò kàn rárá, gbogbo ibi tí mo ti yí padà sì dà bí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti túlẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún katakata ṣe ní Apo, pé kó bá mi wò ó. Mo ti rò pé bíléèdì ló kú, tàbí bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Kò tú nǹkan kan. Tépù ló nà. Ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn iwájú, ó mi orí. "Àbúrò, dẹ́ẹ̀kì yìí kò dúró lórí ilẹ̀ o. Ara katakata ló so rọ̀ sí. Bí o bá gbé ìdí katakata sókè, o ti gbé òun náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Dẹ́ẹ̀kì ni àwo irin ńlá tí bíléèdì ń yí lábẹ́ rẹ̀, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Táyà tó fi ínṣì 2 ga ju ti tẹ́lẹ̀ gbé ìdí katakata sókè ní ínṣì 1. Iwájú kò kúrò níbi tó wà. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, tèmi kò ju nǹkan bí ínṣì 55 lọ, nítorí náà gbogbo ara rẹ̀ doríkodò bí obìnrin tó wọ bàtà gogoro. Ó yẹ kí iwájú dẹ́ẹ̀kì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ lóòótọ́, nǹkan bí ìdámẹ́rin ínṣì. Tèmi ti ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Àárín dẹ́ẹ̀kì sì tún gbéra sókè ní ààbọ̀ ínṣì, koríko ń ga jù lẹ́yìn mi, ni èmi ọlọ́gbọ́n bá sọ dẹ́ẹ̀kì kalẹ̀ sí i. Níbi tí ilẹ̀ bá ti yọ gọngọ, imú dẹ́ẹ̀kì á họ ọ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí Màmá rí nìyẹn.

Ìlà koríko tí kò gé ńkọ́? Bí táyà ínṣì 26 bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó rìn tó nǹkan bí mítà 2.07. Ti ínṣì 28 rìn tó 2.23. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ pédáà bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, àṣé mo ti ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bíléèdì kò mọ̀ pé mo pààrọ̀ táyà: íńjìnnì ló ń yí i, bó ṣe ń yí i lánàá náà ló ń yí i lónìí. Koríko tó wá ń bọ́ sí i lẹ́nu pọ̀ ju èyí tó lè jẹ lọ, pàápàá koríko oṣù keje tó kún fómi. Táyà gíga tún ń jẹ nínú agbára katakata. Níbi tí pápá náà ti gun òkè díẹ̀, íńjìnnì a máa kérora, bí íńjìnnì bá sì ti rọ̀, bíléèdì náà ti rọ̀ nìyẹn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni fóò-wíìlì, ìyẹn ni pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa katakata. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe katakata, wọ́n ti ṣírò gíà iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn kí táyà kékeré iwájú lè máa bá ńlá ẹ̀yìn rìn. Mo pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan, ìṣirò dàrú: ẹ̀yìn fẹ́ máa lọ, iwájú kò lè sá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ yọ̀. Lórí koríko, táyà á máa fa koríko tu. Lórí kọnkéré, tí kò ti sí ibi tí táyà lè yọ̀ sí, gíà inú ló ń jìyà. Mo ti ń gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ọ̀sẹ̀ yẹn, òkúta ni mo pè é. Ẹ̀gbọ́n ní bí mo bá lò ó bẹ́ẹ̀ dé ìparí òjò, owó tí mo fi ra katakata ni n óò tún fi tún un ṣe. Bóyá ó bù sí i, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pápá àti ọgbà, táyà tí wọ́n ń pè ní R3 ni kí ẹ béèrè: ó fẹ̀, eyín rẹ̀ kò jìn, kì í ha ilẹ̀. R1 eléyín gígùn, ti oko ni. R4 wà láàárín, ó dára fún ẹni tó ń kó yẹ̀pẹ̀ tó sì ń gé koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn katakata gé eèsún nínú ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí ní Gwagwalada kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú wàhálà tèmi. Ẹ jẹ́ kí òdiwọ̀n bá èyí tí ìwé katakata yín kọ mu, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ti rímù nìkan.

Afẹ́fẹ́ náà ń yí gíga táyà padà, èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí. Lẹ́yìn tí mo dá táyà 26 padà sẹ́sẹ̀ rẹ̀, pápá ṣì ń ṣe bí àtẹ̀gùn, ìlà kan ga, ìlà kan rẹlẹ̀. Mo ra gééjì tèmi tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Ọ̀tún jẹ́ psi 12, òsì jẹ́ 20. Fọkanáísà àdúgbò kò mọ̀ ju ti mọ́tò lọ, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tí ẹ bá rí lára táyà, èyí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Iye tí ẹ óò lò wà nínú ìwé katakata. Ẹ mú ọ̀tún àti òsì dọ́gba ná, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ tó fi spánà kan dẹ́ẹ̀kì. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan tún dẹ́ẹ̀kì ṣe rí, táyà ló rọ̀.

Màmá ṣì ń pè mí wá gé pápá, ṣùgbọ́n ó máa ń jáde wá wò ó kí n tó gba owó mi. Táyà ẹrọ̀fọ̀ méjèèjì wà nílé wa ní Kubwa. Ìyàwó mi ti gbin ewédú sínú ọ̀kan. Ìkejì wà nílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.