Báàsì láti Abẹ́òkúta, lókè téńté Royal Albert Hall

Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá tí àwọn ọkùnrin ń kọ, ni mò ń kọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ohùn mi ki, tí ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn, láàárín àwọn bàbá. Tonic sol-fa ló fi kọ́ wa ní Halelúyà Handel, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó: do, so, la, so. Mẹ́tàlélógún ni gbogbo wa. Tí iná bá lọ láàárín orin, dùùrù á dákẹ́, àwa ò ní dákẹ́.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi ojú ara mi rí Royal Choral Society, ẹgbẹ́ akọrin ńlá kan ní London. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù ní Royal Albert Hall, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin, mo gun àtẹ̀gùn títí orúnkún mi fi ń sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn náà rí roboto bí igbá. Àwọn akọrin jókòó sábẹ́ dùùrù ńlá kan tó ní páìpù 9,999 (ta ni ì bá fi ẹyọ kan péré kún un?). Nígbà tí Halelúyà dé, gbogbo wa dìde bí a ṣe máa ń dìde nílé. Mo rọra ń kọ báàsì mi lábẹ́ èémí. Màmá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bojú wò mí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni, àṣé áltò, ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn obìnrin, lòun náà ń kọ.

Ọdún 1871 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn. Ní 1872 wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin náà sílẹ̀ fún un, Charles Gounod, ará Faransé tí ogun lé wá sí London, ló kọ́kọ́ darí wọn. Ní 1875 Verdi, olórin ńlá ará Ítálì, fúnra rẹ̀ wá darí Requiem rẹ̀, orin ìsìn òkú, níbẹ̀. Láti 1876 ni wọ́n ti ń kọ Messiah, orin ńlá Handel tí Halelúyà wà nínú rẹ̀, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àfi ìgbà ogun àti ìgbà Kòrónà ló dá wọn dúró. "Royal" tó wà lórúkọ wọn, Ọbabìnrin Victoria ló fọwọ́ sí i ní 1888. Ẹ fi orúkọ ọbabìnrin yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ohun tó gbé mi dìde láti kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ Samuel Coleridge-Taylor, ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin. Dókítà ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, Croydon tí mò ń gbé yìí ló sì dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ Hiawatha's Wedding Feast rẹ̀, orin nípa ìgbéyàwó akọni ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ní 1898. Gíní 15 péré (owó òyìnbó àtijọ́) ló ta orin náà fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tà á bí ẹni ta búrẹ́dì gbígbóná, òun ò rí kọ́bọ̀ lé e. Ní 1912 ó ṣubú ní ibùdókọ̀ ojú irin West Croydon, níbi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Òtútù àyà ló pa á, kò tíì pé ogójì ọdún.

Ní 1924, wọ́n sọ Hiawatha di eré orí ìtàgé ní Royal Albert Hall, Royal Choral Society ló ń kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ogun fi dé ní 1939, bí ẹgbẹ̀rún akọrin àti oníjó ló ń lẹ ìyẹ́ mórí bí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí Malcolm Sargent ń darí wọn. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún bí mi nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ọmọ Sàró ló ń kún gbọ̀ngàn ọba fọ́fọ́ yẹn, èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Lóde òní, èèyàn á pẹ́ kó tó gbọ́ ọ.

Coleridge-Taylor náà ló kó orin ìbílẹ̀ mẹ́rìnlélógún jọ fún dùùrù ní 1905. Oloba lorúkọ ọ̀kan nínú wọn, orin Yorùbá ni. Ìyáàfin Victoria Randle, ìyàwó Dókítà Randle ní Èkó, ló fún un. Ọbabìnrin Victoria ni ìyá ìsàmì obìnrin yìí! Ẹni tó fọwọ́ sí orúkọ ẹgbẹ́ akọrin náà ló fún ìyáàfin Èkó lórúkọ.

Mo pe màmá mi ní Abẹ́òkúta, mo fi fóònù mi kejì sẹ́nu fóònù kí wọ́n lè gbọ́ Oloba. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀.

"Dùùrù yìí pọ̀ jù," ni wọ́n wí. "Pa á, kí ìwọ fúnra rẹ fi ẹnu kọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mà."

"Fi láà láà kọ ọ́."

Mo fi láà láà kọ ọ́, ní báàsì.