Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà ibi ìkọ́lé

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́lé sí Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń bá wọn mójú tó iṣẹ́ náà. Nígbà tí fọ́tò kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́, mo gbé kámẹ́rà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ara òpó, mo sì fi Raspberry Pi kan (kọ̀ǹpútà kékeré) tí Linux wà lórí rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ó máa gbé àwòrán lọ sórí YouTube ní tààràtà bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí lórí YouTube gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, èyí tó lè gba wákàtí 24, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà ìfiránṣẹ́ fídíò kan tó ń jẹ́ RTSP ni kámẹ́rà fi ń sọ̀rọ̀, òmíràn tó ń jẹ́ RTMP ni èmi fi ń ránṣẹ́ sí YouTube, ffmpeg, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, ló sì dúró láàárín bí ògbufọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo ní kí ffmpeg tún fídíò náà fún pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí Pi fi gbóná bí ààrò tí àwòrán sì ń já. Kò yẹ kí ó ṣe ju kí ó gbé e kọjá lọ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n oríṣi ìfúnpọ̀ fídíò tó ń jẹ́ H.265 ni kámẹ́rà mi ń lò láti ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ H.264 ni ọ̀nà tí mo ń gbà lè gbé. Inú ètò kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni mo ti yí i padà, tí mo sì ní kí odindi àwòrán kan (keyframe) máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 2 síra wọn.

Síbẹ̀ YouTube kò fi nǹkan kan hàn. Kámẹ́rà mi kò ní gbohùngbohùn, YouTube sì ń retí ohùn, àfi ìgbà tí mo fi ìdákẹ́jẹ́ àtọwọ́dá kún un:

ffmpeg -rtsp_transport tcp -i "rtsp://orúkọ:aṣínà@192.168.1.64:554/ọ̀nà" -f lavfi -i anullsrc=r=44100:cl=stereo -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac -f flv rtmp://a.rtmp.youtube.com/live2/KỌ́KỌ́RỌ́

Kọ́kọ́rọ́ ìgbéjáde (stream key) tí YouTube bá fún yín ni kí ẹ fi rọ́pò KỌ́KỌ́RỌ́. Bí àmì @ bá wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà yín, %40 ni kí ẹ kọ dípò rẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni èyí gbà lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń tẹ̀lé "554/" yàtọ̀ láti kámẹ́rà kan sí òmíràn, ẹ wò ó nínú ìwé tó bá a wá.

Dátà ló kù. Ní 2 Mbps (mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gígábáìtì 0.9 ló ń lọ ní wákàtí kan. Mo dín in kù sí 1 Mbps, mo sì fi systemd, ohun tó ń darí àwọn ètò lórí Linux, ṣètò pé kí ó máa ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èyí tún dára nítorí pé YouTube kì í fi ìgbéjáde tó bá kọjá wákàtí 12 pamọ́ délẹ̀. "Restart=always" ni mo kọ sínú fáìlì rẹ̀, nítorí iná wa kò ṣeé gbára lé: bí iná kámẹ́rà bá lọ tí ffmpeg sì dúró, systemd á tún un bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún àwọn bíríkìlà kí a tó tan kámẹ́rà náà. Mo kọ́kọ́ fi fídíò náà sí "Unlisted" (ẹni tó bá ní ìlíǹkì nìkan ló lè wò ó), àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi ìlíǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, tí àjèjì pàápàá fi lè wò ó. Ó ti di "Private" báyìí. Ímeèlì ẹ̀gbọ́n mi àti ti ìyàwó wọn nìkan ni mo fún láàyè láti wò ó.