Mouthpiece trumpet láti 7C dé 1½C: èyí tí àwọn afọnfèrè fẹ́ràn, àti ìdí rẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé ní Iléṣà, ẹni tó ń fọn trumpet lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi òkú ṣíṣe láàárọ̀, kó bá wọn rìn kọjá Eréjà nínú oòrùn ọ̀sán, kó sì jókòó ti ẹgbẹ́ olórin títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ń retí rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, orí òrùka irin kékeré kan ló ń gbé lé, èyí tí fífẹ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 16 tàbí 17 lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń tu owó jọ láti pààrọ̀ trumpet, tí wọ́n á tún máa fi mouthpiece, irin kékeré tí ẹnu ń gbé lé yìí, tó bá àpótí àkọ́kọ́ wá fọn èyí tuntun. Ó máa ń dùn mí, torí pé owó mouthpiece kéré sí ti trumpet gan-an, òun ló sì ń yí bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu padà jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ tó rọrùn pe ẹ̀yà rẹ̀. Etí ni ibi tí ètè ń gbé lé. Òun ni wọ́n ń pè ní rim. Ikùn ni ihò tó dà bí ife kékeré, tí èémí kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ọ̀fun ni ibi tó há jù lọ nísàlẹ̀ ikùn. Nínú ọ̀pọ̀ mouthpiece Bach, mílímítà 3.66 ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹnu dríìlì nọ́ńbà 27. Lẹ́yìn ọ̀fun, ihò náà tún ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀ títí dé ìparí ìrù, ìrù sì ni apá tó ń wọ inú trumpet. Ikùn ló ń sọ bóyá ohùn á jinlẹ̀ tàbí á mú. Ọ̀fun àti ihò ìrù ló ń sọ bí èémí ṣe máa gbà kọjá. Ṣùgbọ́n etí nìkan ni ètè mọ̀. Bí etí kò bá bá ètè yín mu, kò sí ikùn tó lè tún un ṣe. Nítorí náà, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Vincent Bach, ọmọ ilẹ̀ Austria tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mouthpiece ní New York lọ́dún 1918, ló ni ọ̀nà kíka nọ́ńbà àti lẹ́tà ara mouthpiece tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa. Nọ́ńbà ń sọ fífẹ̀ etí láti inú: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni etí ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́tà ń sọ jíjìn ikùn: A ló jìn jù, C wà láàárín, D, E àti F ń fà sókè títí ikùn ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jìn mọ́. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé ilé-iṣẹ́ Yamaha àti Schilke ń kà á ní òdìkejì. Tiwọn, nọ́ńbà ńlá ni etí tó fẹ̀, A sì ni ikùn tí kò jìn. Ẹni tó bá ka 14A4a, mouthpiece tiwọn kan, bí ẹni ka Bach yóò rò pé ó kéré, ó sì jìn. Rárá o, ó fẹ̀, ikùn rẹ̀ kò sì jìn. Mélòó nínú yín ló ti fi owó ra èyí tí kò fẹ́ nítorí èyí? Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ka nọ́ńbà.

7C ni gbogbo èèyàn mọ̀, torí òun ló máa ń wà nínú àpótí trumpet akẹ́kọ̀ọ́. Bach kọ fífẹ̀ rẹ̀ sí mílímítà 16.20. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ohùn kì í falẹ̀ lórí rẹ̀: bí ahọ́n bá ti lù ú, ohùn á jáde gaara. Òótọ́ ni. Igun inú etí rẹ̀ mú díẹ̀, ètè sì ń mọ ibi tó dúró sí. Igun kan náà yìí ló ń gé wọn nígbà tí ètè bá ti rẹ̀, tí ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fa trumpet mọ́ eyín. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ óò rí ilà pupa róbótó lójú ètè, tí kò ní tètè lọ. Fún ọmọ Boys' Brigade tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dò-rè-mì, kò sóhun tó burú nínú 7C. Fún ẹni tí ètè rẹ̀ kún, tó sì ń fọn wákàtí mẹ́ta láìsinmi, kì í pẹ́ tó fi ń há a.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan péré fún ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tó ń fọn highlife lálẹ́ Sátidé, tó tún ń gbé orin ìsìn láàárọ̀ Sọ́ńdè, 3C ni n óò mú. Bach kọ ọ́ sí mílímítà 16.30; 5C wà láàárín wọn ní 16.25. Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 7C dé 3C kò ju mílímítà 0.10 lọ, tí í ṣe sísanra ojú ìwé ìkọ̀wé kan! Fífẹ̀ nìkan kọ́ ni ètè ń mọ̀. Ohun tó ń mọ̀ ni ibi tí etí ti ga jù, bí igun inú rẹ̀ ṣe mú tó, àti bí ikùn ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn igun yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kórìíra 5C fi lè fẹ́ràn 3C bí ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìwé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ń lo 3C ń sọ pé ohùn ìsàlẹ̀ ń kún, ti òkè kò sì sá. Ó tún máa ń bá fèrè sax àti trombone wọ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní yọ ju ẹlòmíràn lọ nínú ẹgbẹ́.

1½C tóbi gan-an, mílímítà 17.00 ni Bach kọ sí i. Àwọn tó ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá (orchestra), tí wọ́n ń ka ìwé orin nínú gbọ̀ngàn, ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ẹni tó ń fọn ní gbọ̀ngàn tó gbòòrò bí Odùduwà Hall ní Ifẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń rìn dé ẹ̀yìn láìfi ariwo ṣe. Àmọ́ ó ń fẹ́ èémí, ó ń fẹ́ iṣan ètè tí wọ́n ń tọ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń dánra wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó wá gbé 1½C lọ rìn nínú oòrùn, ètè rẹ̀ á ti tú kí wọ́n tó dé ibi ìsìnkú.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn tó ń wá ohùn òkè. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ètè ọ̀dọ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ikùn tí kò jìn, bíi ti 14A4a, ń jẹ́ kí ohùn mú, kó dán, kó la ìlù àti gìtá kọjá. Àwọn tó ń fọn ohùn kìíní nínú ẹgbẹ́ jazz ńlá (big band) fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, wọn kò ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ohùn tí ẹ kò ní lórí 3C, 14A4a kò ní bí i fún yín. Èyí tí ẹ ti ní ló ń bá yín gbé pẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: bí ètè bá ti rẹ̀, ó ń wú wọ inú ikùn, nínú ikùn tó jìn, àyè wà fún un, nínú èyí tí kò jìn, ètè á kan ìsàlẹ̀, ohùn á sì gé lójijì bí ẹni pa iná. Ẹni náà á rò pé èémí ló tán, á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn òkè rẹ̀ máa ń fẹ́ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kò lè tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fa irin ìtúnhùn síta kí òkè lè wálẹ̀, ìsàlẹ̀ á wá rẹlẹ̀ jù.

Louis Armstrong, gbajúgbajà afọntrumpet jazz ní Amẹ́ríkà, tẹ trumpet mọ́ ètè débi pé àwọn dókítà fi Satchmo, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, pe yíya iṣan ètè tó ń ṣe àwọn afọnfèrè. Kò sí mouthpiece tó ń wo ìyẹn sàn. Ẹ tún rántí Miles Davis, afọntrumpet jazz bíi tirẹ̀, tó lo mouthpiece Heim, tí ikùn rẹ̀ jìn, tó sì ṣe orúkọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò fi òkè yangàn.

Mouthpiece oníke náà ní àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Kelly ní Amẹ́ríkà ń ṣe wọ́n láti inú Lexan, ike líle tí kò tètè fọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, irin máa ń tutù débi pé ètè kò ní gbọ́ràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í jóni nínú oòrùn, kì í sì í yọ ẹni tí idẹ ń fún ní ara yíyún lẹ́nu. Ibi tó kù sí ni pé ó fúyẹ́, àwọn kan sì ń gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kò ní egungun tó. Fún ìwọ́de, ó dára. Ẹ má sì bọ̀ ọ́ sínú omi tó ń hó.

Ṣáájú kí ẹ tó sanwó, ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ gbọ́. Àwọn ayédèrú pọ̀ tí wọ́n tẹ orúkọ ńlá sí, òmíràn kò tilẹ̀ lórúkọ, "7C" lásán ló wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ìrù: ọ̀fun gbọ́dọ̀ wà láàárín gan-an, kó róbótó, kó má ní ìhà tí dríìlì ti ya. Ẹ fi ọmọ ìka yí etí ká. Bí ẹ bá kan ibi tó wú tàbí tó ń ha ọwọ́, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú trumpet tiyín. Ó yẹ kó wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, kó dúró ṣinṣin, kó má mì. Ti cornet tinrin lẹ́yìn ju ti trumpet lọ: bí wọ́n bá tà á fún yín, á wọlé jù.

Bó ṣe ń wọlé sí yìí ṣe pàtàkì. Láàárín òpin ìrù àti ibi tí páìpù trumpet ti bẹ̀rẹ̀ nínú, àlàfo kékeré kan wà, bíi mílímítà 3 lára ọ̀pọ̀ trumpet. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù tàbí kéré jù, àwọn ohùn kan á máa yọ̀ lẹ́nu. Ẹ lè fi ìwé dán an wò, ẹ wé e mọ́ ìrù kí ẹ tó fi sínú. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: ìrù ń tinrin lọ ní nǹkan bíi 1 nínú 20, nítorí náà ojú ìwé ìkọ̀wé kan á ti mouthpiece síta ní nǹkan bíi mílímítà 4. Ó ti pọ̀ jù. Ìwé tó fẹ́lẹ́ bíi ti sìgá á tì í ní nǹkan bíi 1 péré, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn bá dúró sójú kan dáadáa sí i, ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà.

Ẹ má fi ìṣẹ́jú márùn-ún yan mouthpiece. Gbogbo èyí tó bá jẹ́ tuntun ló máa ń dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì padà sí ti àtijọ́ láàárín rẹ̀. Ẹ fọn orin kan náà nígbà tí ètè ṣì tutù, kí ẹ tún fọn ọ́n lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ láti òdìkejì yàrá, torí ohùn tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn trumpet kọ́ ni àwọn èèyàn ń gbọ́ níwájú. Bí ẹ bá sì ń pààrọ̀, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan: ẹ mú etí dúró, kí ẹ yí ikùn padà, bíi láti 3C sí 3D. Ẹni tó kúrò lórí 7C bọ́ sórí 14A4a kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dríìlì la ọ̀fun fún yín láti jẹ́ kí èémí máa gbà. Ohun tí wọ́n bá gé kúrò kò ní padà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó wọ inú ìrù. Ẹni tó bá jẹ iyán tán, kó yọ ẹnu kó tó fọn, torí ohun tó kù lẹ́nu máa ń lọ gan mọ́ ọ̀fun. Bí fàdákà ara rẹ̀ bá dúdú, ẹ tẹ́ fóìlì sínú abọ́, ẹ bu sódà ìyẹ̀fun ṣíbí kan sí i, ẹ da omi gbígbóná lé e, kí mouthpiece kan fóìlì náà. Dúdú yẹn á lọ láìjẹ fàdákà. Ṣùgbọ́n bí fàdákà etí bá ti ṣí, tí idẹ yọ, tí ètè ń yún yín, ó tó àkókò láti tún un pa láró fàdákà tàbí láti ra òmíràn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi òrí pa ètè lálẹ́, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó fọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí á máa yọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn ọmọdé fi ń gbá ẹnu mouthpiece kó lè dún "pó". Òun ló ń gan án mọ́ inú. Bó bá ti gan, ẹ má mú pùláyà: ẹ óò lọ́ páìpù, ẹ óò sì já ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ kán epo olómi díẹ̀ sí ojú ìpàdé, kó sùn mọ́jú, kí ẹ fi igi kékeré lù ú jẹ́jẹ́ yíká, kí ẹ fi ọwọ́ àti aṣọ yí i. Bí kò bá yọ, irin ìyọ mouthpiece wà, tó ń fi ìdè tì í jáde lọ́nà tó tọ́. Kí gbogbo ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì dá owó ra ẹyọ kan. Bó bá já bọ́ tí ẹnu ìrù tẹ̀, ẹ má fọn ọn bẹ́ẹ̀, torí ó ń há èémí: ẹ gbé e fún ẹni tó ní irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń là á padà, kó máa yí i jẹ́jẹ́ títí yóò fi róbótó.