Ṣáwá Whitby àti òkun Ayétòrò

Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ sí Whitby, ìlú kan létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Middlesbrough tí à ń gbé, ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló ń gbé èèyàn dé etí òkun níbẹ̀, àfi pé ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ tètè dé ilé àna rẹ̀.

À ń gun àtẹ̀gùn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè. Mọ́kàndínnígba ni wọ́n, gbogbo ẹni tó ń gùn wọ́n ló sì ń kà wọ́n. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. A ò tíì dé ogójì tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi fà mí láṣọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ èdè yẹn níbí, àwọn èèyàn ń wò wá. Ta ló ń wò wá? Gbogbo wọn ló ń mí gúlegúle. Bàbá òyìnbó kan lẹ́yìn wa ti di irin mú, ó ń bá ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣàdéhùn.

Mo gbé e mì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ka ìyókù.

Ohun tó mú kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìlú tá a wà nínú rẹ̀ kì í tijú ohunkóhun tó bá ti jẹ́ tiẹ̀. Ẹ wo ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ti wó sórí òkè náà. Ọdún 657 ni Ọba Oswiu dá a sílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hild ló sì fi ṣe olórí, tọkùnrin tobìnrin lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Lọ́dún 664, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá níbẹ̀ lórí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa ṣe ọdún Àjíǹde. Ọba ń tẹ̀ lé ìlànà àwọn ará Ireland, ayaba ń tẹ̀ lé ti Róòmù. Ọkọ ti ń jẹ àsè, ìyàwó ṣì wà nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ ń lọ Sẹ̀lẹ́ tí ìyàwó ń lọ Àǹgílíkà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Róòmù ló borí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo dúró tì jù ni Caedmon. Àgbélébùú òkúta tí wọ́n gbé ró fún un lọ́dún 1898 wà lókè níbẹ̀, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Màlúù ló ń tọ́jú fún àwọn ará ilé náà. Bí wọ́n bá ń ṣe fàájì lálẹ́, tí wọ́n ń gbé háàpù yípo kí kálukú kọrin, bó bá ti kù díẹ̀ kó kàn án, á dìde, á sá lọ. Kò mọ orin kankan, ojú ń tì í. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó sùn sọ́dọ̀ àwọn màlúù rẹ̀, ẹnì kan yọ sí i lójú àlá pé kó kọrin nípa bí Ọlọ́run ṣe dá ayé. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni náà ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì kọ ọ́, èdè tí wọ́n ń sọ nínú oko ló fi kọ ọ́, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi Látìnì gbàdúrà. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni orin náà, síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó ti kéwì ní Gẹ̀ẹ́sì, òun ni àkọ́kọ́ tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi. Ó ní ó dáa. Ó ní ṣé a lè ra áísìkiriìmù.

Wọn kì í fi nǹkan ṣòfò ní Whitby. James Cook, atukọ̀ olókìkí nnì, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan níbẹ̀ lọ́dún 1746. Ilé ọ̀gá rẹ̀ ti di mùsíọ́mù. Ọkọ̀ Endeavour tó gbé e dé Australia, ibẹ̀ ni wọ́n ti kàn án, èédú ló ń kó tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa àbùùbùtán títí, wọ́n wá gbé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sórí òkè kejì fún ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tí egungun gbó, wọ́n gba òmíràn láti Alaska! Dracula ńkọ́, ẹni tí kò gbé ayé rí? Òǹkọ̀wé ará Ireland kan wá ṣe ìsinmi níbẹ̀ lọ́dún 1890, ó fi ìlú náà sínú ìtàn amùjẹ̀, títí dòní ni èèyàn ń wọ dúdú láti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, pásítọ̀ ni wọn ì bá pè kó wá dá àdúgbò náà nídè.

Kíppà tí wọ́n ń pariwo, ṣáwá ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Wọ́n á là á láti ẹ̀yìn, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi iyọ̀, wọ́n á so ó rọ̀ sínú èéfín. Ilé kan wà ní Henrietta Street tó ti ń ṣe é láti ọdún 1872. Èmi ọmọ Ìlàjẹ, tí owó ẹja yíyan gbé dé iléèwé, mo tọ́ ọ wò. Kò burú. Ata ló kù. Òórùn ibẹ̀ ni n kò múra sílẹ̀ fún: òórùn aṣọ ìyá mi ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè yẹn ti sún mọ́ etí òkè jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, lẹ́yìn òjò àrọ̀ìdá, ilẹ̀ ya, egungun òkú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n ṣà wọ́n jọ, wọ́n tún wọn sin.

Ayétòrò, ìlú wa létí òkun Ìlàjẹ, la sin bàbá mi sí. Inú òkun ni sàréè wọn wà báyìí. Ta ló máa ṣà wọ́n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ayétòrò, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sórí ẹrẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn nítorí ẹ̀sìn. Àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná. Ẹja tí apẹja pa, ti ìlú ni. Aṣọ tí aláṣọ hun, ti ìlú ni. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń ṣe bàtà, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Orí pákó tí wọ́n tẹ́ ṣe títì ni mo ti kọ́ ìrìn. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé iléèwé. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde nígbà kan. Owó jáde, ògiri ò jáde. Ìyá mi kó sẹ́yìn, òkun tẹ̀ lé wọn, wọ́n tún kó. Igbókọ̀dá ni wọ́n wà báyìí, lọ́dọ̀ àbúrò mi, wọn ò sì fẹ́ràn ibẹ̀.

Whitby ní ògiri òkúta méjì tó nà wọnú òkun, ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ wà lórí wọn. Mo wò wọ́n pẹ́. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí Whitby.

Bí ọmọ mi bá dàgbà tó ń wá ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá, kò ní bá àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀ láti kà. Ẹnu ìyá mi ló kù, wọn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a pè wọ́n. Wọ́n bi í pé kí ló jẹ lónìí. Ó wò mí kí n bá òun dáhùn. N kò dáhùn. Gbogbo wa dákẹ́, ìyá mi ń pe "Ẹ̀lóò! Ẹ̀lóò!", wọ́n rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ìgbà tó yá ó ní, "Ẹja." Ẹja wo? Ó rò ó. "Ṣáwá." Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín! Wọ́n ní ṣé ọkọ àwọn fò lókè gbogbo ọ̀nà yẹn lọ sílùú òyìnbó láti lọ jẹ ṣáwá ni?

Ẹ má pariwo hàlélúyà o. Lọ́jọ́ kejì, "Morning, Mum" ló tún kí mi.

Ẹ̀yin ará Ayétòrò, ẹni tó bá ní fọ́tò títì pákó àtijọ́ tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kódà bí ikán bá ti jẹ etí rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan gidi ní Middlesbrough, èyí tó gbẹ dáadáa, kí olúwa rẹ̀ má fi pa mọ́.